Ààlà Méjì fún Páì

Ní ìparí ọdún 1610 ni Ludolph van Ceulen kú, wọ́n sì sin ín sínú ṣọ́ọ̀ṣì Pieterskerk ní ìlú Leiden, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Iṣẹ́ méjì ló fi jẹun láyé: ó ń kọ́ni ní idà jíjà, ó sì ń kọ́ni ní ìṣirò. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sára òkúta sàréè rẹ̀. Òkúta àkọ́kọ́ ti sọnù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kò sọnù, nítorí àwọn tó rí i ti dà á kọ sínú ìwé. Ní ọdún 2000 wọ́n gbé òkúta tuntun sínú ṣọ́ọ̀ṣì náà dípò rẹ̀. Ohun tí àwọn òpìtàn ìṣirò sábà máa ń sọ ni pé wọ́n kọ páì síbẹ̀ títí dé ipò karùndínlógójì lẹ́yìn pọ́ìntì. Irọ́ kọ́, àmọ́ wọ́n fo ibi tó dùn jù. Nọ́ńbà méjì ló wà lára òkúta náà. Ohun tó sọ ni pé bí ìdábùú òbìrìkìtì bá jẹ́ 1, àyíká rẹ̀ ju nọ́ńbà kìíní lọ, kò sì tó nọ́ńbà kejì. Nọ́ńbà kìíní parí sí 8, ìkejì parí sí 9. Gbogbo èyí tó ṣáájú wọn bára mu.

Páì ni a ń pe iye ìgbà tí ìdábùú òbìrìkìtì wọ inú àyíká rẹ̀. Ìbáà jẹ́ ẹnu ìkòkò, ìbáà jẹ́ etí òṣùpá àrànmọ́jú, iye kan náà ni: 3.14159, kò sì dúró síbẹ̀. Láyé òde òní, wọ́n ti sọ iye yìí di ohun àjọyọ̀. Láti 1988, tí Larry Shaw ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Exploratorium ní San Francisco, ni wọ́n ti ń ṣe ọdún rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, nítorí pé bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọjọ́ náà nìyẹn, 3/14. Ní 2019, UNESCO fi ọjọ́ yẹn ṣe Ọjọ́ Ìṣirò Àgbáyé. Ohun tí wọ́n ń yìn jù ní ọjọ́ náà ni ọ̀wọ́ nọ́ńbà tí kò lópin, tí kò sì ní àwítúnwí, bí ẹni pé àṣírí kan fara pamọ́ sí ọ̀nà jíjìn níbẹ̀. Èrò tèmi yàtọ̀. Bí a bá wo ìtàn iye yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé ẹwà rẹ̀ kò sí lára ọ̀wọ́ nọ́ńbà náà. Ó wà nínú ìwà tí iye náà kọ́ àwọn tó ń wá a: kí ènìyàn mọ bí àìmọ̀ òun ṣe tóbi tó, kí ó sì pa ààlà sí i níhà méjèèjì. Àwọn ìtumọ̀ ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ ọ lọ́rùn, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni gbogbo wọn ti máa ń dé.

Àwọn tó kọ́kọ́ lò ó kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n sọ lórúkọ. Akọ̀wé ará Íjíbítì kan, Ahmes, kọ ìwé ìṣirò kan ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi, ó sì sọ fúnra rẹ̀ pé inú ìwé àtijọ́ ni òun ti dà á kọ. Ọmọ Scotland kan, Alexander Henry Rhind, ra ìwé pápírọ́ọ̀sì náà ní Luxor ní 1858, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà báyìí. Ìbéèrè àádọ́ta inú rẹ̀ dá lórí oko róbótó kan tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ khet 9, èyí tó jẹ́ òṣùwọ̀n ilẹ̀ wọn. Ìdáhùn Ahmes kò gùn: yọ ìdá kan nínú mẹ́sàn-án kúrò lára ìdábùú, ó ku 8, sọ 8 di ìlọ́po mẹ́jọ, ó di 64, bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó nìyẹn. Bí a bá tú u sí ọ̀nà ti òde òní, páì tirẹ̀ jẹ́ 256 tí a pín sí ọ̀nà 81, ìyẹn nǹkan bí 3.1605. Àṣìṣe ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ẹni tó ń wọn oko, tàbí tó fẹ́ mọ iye ọkà tí àká róbótó lè gbà, ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ohun tí kò sí nínú ìwé náà láti òkè délẹ̀ ni gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ pé iye yìí lé tàbí pé ó dín, ká má tilẹ̀ wá sọ iye tó fi lé.

Bákan náà ló rí níbòmíràn láyé ìgbà náà. Wàláà amọ̀ kan tí wọ́n rí ní Súsà fi hàn pé àwọn ará Bábílónì lo 3 àti ìdá kan nínú mẹ́jọ. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí keje, agbada ńlá tí wọ́n rọ fún tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá láti etí kan dé èkejì, okùn ọgbọ̀n ìgbọ̀nwọ́ ló sì yí i ká, èyí tó sọ páì di 3 géérégé. Àwọn kan ti fi ibẹ̀ bú Bíbélì. Àwọn mìíràn ti lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀ láti gbèjà rẹ̀. Ìjà tí kò nídìí ni. Ẹni tó kọ ọ́ ń ròyìn bí agbada ṣe tóbi tó, odidi nọ́ńbà ló sì fi ròyìn rẹ̀.

Sírákúsì, ní erékùṣù Sísílì, ni nǹkan ti yí padà, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Archimedes ni ẹni náà, ìwé rẹ̀ lórí òbìrìkìtì sì kéré débi pé ẹ̀rí mẹ́ta péré ló wà nínú èyí tó dé ọwọ́ wa. Ó fa àwòrán onígun mẹ́fà sínú òbìrìkìtì, ó sì fa òmíràn sí òde rẹ̀ tó fara kàn án yíká. Àyíká ti inú kúrú ju ti òbìrìkìtì lọ, ti òde sì gùn jù ú lọ, nítorí náà ibi yòówù kí òtítọ́ wà, kò lè kúrò láàárín àwọn méjèèjì. Ó wá sọ igun mẹ́fà di 12, ó sọ 12 di 24, lẹ́yìn náà 48, lẹ́yìn náà 96, ìlà inú àti ìlà òde sì ń súnmọ́ra sí i. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ìpinnu rẹ̀ ni pé àyíká òbìrìkìtì kò tó ìdábùú lọ́nà mẹ́ta àti ìdá kan nínú méje rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ju ìdábùú lọ́nà mẹ́ta àti ìdá mẹ́wàá nínú mọ́kànléláàádọ́rin rẹ̀ lọ.

Ká má fojú kéré iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀. Lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì ni àwọn Gíríìkì fi ń kọ nọ́ńbà. Kò sí pọ́ìntì, kò sí òdo tí yóò di ipò mú. Nínú ìṣirò náà, ó ń pàdé àwọn iye tí kò ṣeé kọ pérépéré, irú èyí tó jẹ́ pé bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, yóò di 3. Ó fi iye yìí sáàárín 265 tí a pín sí 153 àti 1351 tí a pín sí 780. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìlà inú, èyí tí yóò mú kí ìdáhùn dín díẹ̀ ló ń mú. Nígbà tó bá kan ìlà òde, yóò mú èyí tí yóò mú kó lé. Bó ṣe ń gé nọ́ńbà kúrú tó nìyẹn, kò síbi tí òtítọ́ ti ráyè jáde kúrò láàárín ààlà rẹ̀. Ahmes fúnni ní iye. Archimedes fúnni ní iye pẹ̀lú ìwọ̀n àìmọ̀ tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì yani lẹ́nu pé ìdajì iṣẹ́ náà nìkan ló dé kíláàsì wa: 22/7 tí àwọn ọmọ ilé ìwé ní Nàìjíríà há sórí gẹ́gẹ́ bí páì, ààlà òde Archimedes ni. Òun gan-an sì sọ kedere pé páì kò tó o.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ogún Gíríìkì nìkan. Ní Ṣáínà, ní ọdún 263, Liu Hui fi àwòrán onígun púpọ̀ dé 3.1416, nígbà tó sì di ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún, Zu Chongzhi sọ pé iye náà wà láàárín 3.1415926 àti 3.1415927. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó pa ààlà tó fún pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ní Íńdíà, Aryabhata lo 62,832 tí a pín sí 20,000 ní 499, ó sì fi kún un pé súnmọ́ ni iye náà súnmọ́, kò pé. Ilẹ̀ Kerala ní gúúsù Íńdíà ló ṣe èyí tó wú mi lórí jù. Madhava, tó gbé ayé ní nǹkan bí 1340 sí 1425, rí i pé kò di dandan kí a fa àwòrán kankan. Mú 1, yọ ìdá kan nínú mẹ́ta, fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un, yọ ìdá kan nínú méje, kí o máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí o ń lọ ni ìdá kan nínú mẹ́rin páì. Ìtò náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìrìn ìgbín ló ń rìn: lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ìdá, ipò kejì lẹ́yìn pọ́ìntì kò tíì dáni lójú. Àwọn ará Kerala kò kàn jókòó kí wọ́n máa yin ìtò tí kò lópin. Wọ́n ṣírò ohun tó kù nílẹ̀ níbi tí ènìyàn bá ti dúró, wọ́n sì fi àtúnṣe náà dí i. Àtúnṣe yẹn ló sọ ìtò náà di ohun èlò. Madhava fúnra rẹ̀ dé ipò kọkànlá lẹ́yìn pọ́ìntì.

Ní 1424, ní ìlú Samarkand, al-Kashi yí iṣẹ́ náà lórí padà pátápátá. Kò kọ́kọ́ ṣírò kó tó wá béèrè bí àṣìṣe òun ṣe tó. Àṣìṣe tí òun lè fara mọ́ ló kọ́kọ́ yàn: ó fẹ́ kí ẹni tó bá fi páì òun wọn àyíká ojú ọ̀run má ṣe fi ju ìbú ẹyọ irun ẹṣin kan lọ ṣàṣìṣe. Lẹ́yìn náà ló wá ṣírò iye igun tí èyí yóò gbà, tó jẹ́ 805,306,368, ó sì ṣe é dé ipò kẹrìndínlógún. Ojú ọ̀run wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀run náà sì ní ìtumọ̀ fún un nínú ẹ̀sìn àti nínú ìmọ̀ ìràwọ̀. Àmọ́ ẹ wo ipò tó fi í sí. Ó lo ọ̀run láti fi wọn àṣìṣe ara rẹ̀.

Ẹnìkan lè dáhùn pé ìtumọ̀ ti wà ṣáájú iṣẹ́, kó sì nàka sí pírámíìdì ńlá ti Giza. John Taylor kọ ìwé lórí èyí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1859, Piazzi Smyth sì tẹ̀ lé e: wọ́n ní bí a bá pín àyíká ìsàlẹ̀ pírámíìdì náà sí gíga rẹ̀, ìlọ́po méjì páì ni yóò jáde, nítorí náà àwọn tó kọ́ ọ ti fi àṣírí òbìrìkìtì pamọ́ sínú òkúta. Òótọ́ ni pé ìṣirò náà bára mu. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 440, gíga rẹ̀ jẹ́ 280. 1,760 tí a pín sí 280 jẹ́ ìlọ́po méjì 22/7 gan-an. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ ọba ní Íjíbítì jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méje, bí àwọn ọ̀mọ̀lé wọn sì ṣe ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀ ògiri ni pé kí wọ́n sọ iye àtẹ́lẹwọ́ tí ògiri fi wọlé fún gbogbo ìgbọ̀nwọ́ kan tó bá gòkè. Ti pírámíìdì yìí jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ márùn-ún àbọ̀. Márùn-ún àbọ̀ lórí méje, tí a sọ di ìlọ́po mẹ́jọ, ni 44 lórí 7. Inú òṣùwọ̀n ni méje náà ti wá, kì í ṣe inú òbìrìkìtì. Ẹ̀rí kejì tún lágbára ju èyí lọ: ìwé Ahmes ní ìbéèrè lórí ìdagẹ̀rẹ̀ pírámíìdì, ó sì ní ìbéèrè lórí òbìrìkìtì, 256 lórí 81 ló sì lò fún òbìrìkìtì. Ta ni yóò mọ 22/7, tí yóò fi pamọ́ sínú òkè òkúta, tí yóò wá fi èyí tó burú jù ú lọ wọn oko?

256 yẹn yóò ti ta ẹni tó mọ Ifá lójí. Ojú odù mẹ́rìndínlógún, ọmọ odù 240, gbogbo rẹ̀ 256, ìyẹn 16 lọ́nà 16. Ti Ahmes náà sì jẹ́ 16 lọ́nà 16 tí a pín sí 9 lọ́nà 9. Ó wuni kí a so wọ́n pọ̀, kí a sì kọ ìwé lé e lórí bíi ti Taylor. Kí a kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ti Ifá wá láti ara ọ̀pẹ̀lẹ̀: èèpo mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojúbolẹ̀, nítorí náà 2 ni a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ti Ahmes wá láti ara ìdá kan nínú mẹ́sàn-án tó yọ kúrò lára ìdábùú. Ọ̀kan ń ka iye ọ̀nà tí nǹkan lè gbà ṣubú, èkejì ń wọn ilẹ̀. Iyì Ifá kò nílò kí ó bá Íjíbítì pín nọ́ńbà. Títò tó tò ó pé pérépéré láìsí àṣìṣe kan, èyí tí Ahmes kò lè sọ nípa oko rẹ̀.

Àmì π fúnra rẹ̀ ti pẹ́ kó tó dé. William Jones, ọmọ ilẹ̀ Wéèlì, ló kọ́kọ́ fi í dúró fún iye yìí ní 1706, nínú ìwé kan náà tó ti gbé páì John Machin jáde, tó dé ipò ọgọ́rùn-ún. Leonhard Euler ló wá sọ ọ́ di ti gbogbo ayé, pàápàá pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ti 1748. Láti ìgbà Ahmes títí di ìgbà yẹn ju ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta lọ, àwọn ènìyàn sì ń ṣiṣẹ́ láìní àmì kankan láti bọlá fún. Ní 1761 Johann Lambert fi hàn pé kò sí ìdá kan, bó ti wù kí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi tó, tó lè jẹ́ páì gan-an. Ní 1882 Ferdinand von Lindemann ní Jámánì fi hàn pé kò sí ìdọ́gba áljẹ́brà tí a fi odidi nọ́ńbà kọ tó lè bí i. Ìyẹn ló pa ìrètí àwọn tó fẹ́ fi rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan ya onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó òbìrìkìtì gẹ́lẹ́. Ó ti sú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Párísì ṣáájú ìyẹn: láti 1775 ni wọ́n ti kéde pé àwọn kò ní ka ìwé ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun ti yà á. Síbẹ̀, ní 1897, ọdún 15 lẹ́yìn Lindemann, ilé aṣòfin kékeré ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àbádòfin kan tí dókítà kan, Edward Goodwin, gbé wá pé òun ti yanjú ọ̀ràn náà, láìsí ẹnikẹ́ni tó dìbò takò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan, C. A. Waldo, ló ṣe kòńgẹ́ pé ó wà nílé aṣòfin, ló bá àwọn sẹ́nétọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e tì. Ohun tí Lambert àti Lindemann ṣe nìyí: wọ́n pa ààlà sí ohun tí a lè ṣe gan-an, kì í ṣe sí iye nìkan mọ́. Goodwin kò fẹ́ ààlà kankan.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn olólùfẹ́ ìdọ́gba Euler, èyí tó so páì pọ̀ mọ́ àwọn iye tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní e àti i, mọ́ 1 àti mọ́ òdo nínú ìlà kan ṣoṣo. Níbẹ̀, wọ́n á ní, kò sí súnmọ́, kò sí lé tàbí dín. Ó pé géérégé, ó sì lẹ́wà. Mo gbà. Ìdọ́gba náà jáde láti inú ìlànà gbogbogbòò tó wà nínú ìwé 1748 yẹn, ohun tó sì ń sọ, bí a bá tú u sílẹ̀, ni pé ẹni tó bá yí ìlàjì òbìrìkìtì láti ibi 1 yóò bá ara rẹ̀ ní òdìkejì. Ó fi ipá mú mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe díẹ̀: ẹwà páì kò mọ sí ààlà nìkan, ó tún wà nínú ìbáṣepọ̀ tó ní pẹ̀lú àwọn iye mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kíyè sí i pé ẹni tó mọ ìdọ́gba yìí dénú kò nílò láti mọ ipò kẹta páì lẹ́yìn pọ́ìntì. Àtakò náà kò ran àwọn olùyin ọ̀wọ́ nọ́ńbà lọ́wọ́ rárá.

Ìtàn William Shanks ló fi ìyẹn hàn jù. Gẹ̀ẹ́sì ni, olùkọ́ ilé ìwé ni, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fọwọ́ ṣírò páì dé ipò 707, tó gbé jáde ní 1873. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Palais de la Découverte ní Párísì ní 1937, wọ́n to nọ́ńbà Shanks yí ògiri yàrá róbótó kan ká lókè, kí àwọn èrò máa gbójú sókè wò ó. Kò sí ẹni tó ṣírò àwọn ipò ìkẹyìn rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn rí. Ní àárín ọdún 1944 sí 1946, D. F. Ferguson tún un ṣe, ó sì rí i pé láti ipò 528 ni Shanks ti ṣìnà. Gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, òfo ni. Ó di 1949 kí wọ́n tó tún ògiri Párísì ṣe. Ọdún yẹn gan-an ni ẹ̀rọ ENIAC ní Amẹ́ríkà lo nǹkan bí wákàtí 70 láti ṣírò ipò 2,037.

A lè béèrè pé kí ni wọ́n wá ń wá. Àwọn ẹlẹ́rọ NASA tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì sọ pé ipò 15 lẹ́yìn pọ́ìntì tó àwọn. Bẹ́ẹ̀, ní 2022, Emma Haruka Iwao àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Google ṣe é dé ipò 100 trílíọ̀nù. Mi ò ní sọ pé àṣedànù ni, nítorí àṣà tó ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí báyìí ni pé wọn kì í gba iye ẹnikẹ́ni láìsí ìṣirò kejì tó gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀. Ìlànà kan tí Simon Plouffe rí ní 1995, tó sì gbé jáde pẹ̀lú David Bailey àti Peter Borwein, ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fò lọ sí ipò tó jìnnà gan-an nínú òǹkà onípò 16, kó sì mú ẹyọ tó wà níbẹ̀ jáde láìka àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Òun ni wọ́n sábà fi ń yẹ òpin iṣẹ́ náà wò. Shanks ì bá ti nílò irú rẹ̀.

Nínú àwọn trílíọ̀nù yẹn, nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, láti 0 dé 9, fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ní iye kan náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ. Kò tíì sí ẹ̀rí rẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ẹ̀rí pé 7 kò ní jáde fún ìgbà ìkẹyìn níbì kan, kó má sì padà wá mọ́. Ohun tí iṣẹ́ Lambert fi dá wa lójú kò ju pé, ó kéré tán, méjì nínú àwọn mẹ́wàá náà kò ní yéé jáde títí láé. Èwo àti èwo ni, kò tíì sí ẹni tó lè sọ.